Ènì Inú Ọ̀rá

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò fọ̀rọ̀ náà bò fún mi. Ó ní ọjọ́ tí òwò ọṣẹ mi bá dẹnu kọlẹ̀, ọjọ́ náà ni òun máa wa mọ́tò wá sí Ìkẹ́rẹ́, òun á gbé ìyá wa lọ sí Èkó, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Mi ò lè pè é ní ẹni burúkú. Àwa méjì péré ni màmá bí, àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti mú apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, kò ṣeé fi sílẹ̀ ní òun nìkan. Èmi ni mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ ní Èkó tí mo wá ń bá a gbé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọṣẹ dúdú tí mò ń tà fún àwọn ará òkè òkun lórí ayélujára á bọ́ èmi àti màmá. Ó gbà, ṣùgbọ́n ojú tó fi gbà á, ojú ẹni tó ń dúró de ìgbà tí mo máa ṣubú ni.

Màmá ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ Èkó sétí. Nígbà tí àìsàn náà kọ́kọ́ ṣe é, ó lo àkókò díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ògiri ilé ẹlòmíràn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó ń kọjá tó máa kí i. Ó ti rù kó tó padà wálé. Ó ní bí òun bá jókòó síwájú ilé òun ní Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó ń lọ sóko á kí òun, ẹni tó ń ti oko bọ̀ á kí òun, bí òun bá sì gbójú sókè, òkè Olóṣùnta á wà níbi tí òun ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Ọṣẹ náà kì í ṣe nǹkan tuntun sí i. Kó tó ṣàìsàn, òun gan-an ló máa ń lọ kó o ní Ìgbàrà-Odò, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń sun èèpo kòkó, tí wọ́n ń fi eérú rẹ̀ àti epo se ọṣẹ, tó sì ń tà á lọ́jà Ìkẹ́rẹ́. Ní báyìí, èmi ni mo ń wọ takisí lọ kó o. Dídì ló kù fún màmá. Á fi orúnkún di ọṣẹ mú, á fi ọwọ́ ọ̀tún fi bébà wé e, á fi eyín já sẹ́lótéèpù. Kí iṣẹ́ yìí tó dé, á kàn jókòó ni, á máa wo ọwọ́ tó kú yẹn. Nígbà tó rí iṣẹ́ ṣe, ẹnu rẹ̀ là, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi bó ṣe ń bú mi tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn sí èébú náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Jámánì ni àwọn oníbàárà wa pọ̀ sí jù. Obìnrin kan níbẹ̀ ló ra ọṣẹ náà fún ọmọ rẹ̀ tí ara ń yún, ara ọmọ náà balẹ̀, ló bá sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n bá ń rà á. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn tó ni ọjà orí ayélujára tí mo ti ń tà kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní òfin wà ní Jámánì pé ẹnikẹ́ni tó bá fi ọjà ránṣẹ́ síbẹ̀, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá tàbí ẹni tó ń ta ọṣẹ nínú pálọ̀ rẹ̀, òun ló ni páálí, bébà àti ọ̀rá tó fi di ọjà náà. Ẹni tó rà á á jù wọ́n nù, àwọn kan á wá kó wọn, wọ́n á ṣà wọ́n, wọ́n á sọ wọ́n di nǹkan tuntun. Owó iṣẹ́ yẹn, ẹni tó di ẹrù ló máa san án. Wọ́n ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kí n sọ bí ohun tí mo fi ń di ẹrù ṣe wúwo tó, bébà lọ́tọ̀, ọ̀rá lọ́tọ̀, kí n sanwó, kí n sì mú nọ́ńbà tí wọ́n bá fún mi wá. Bí kò bá sí nọ́ńbà, mi ò ní lè tà sí Jámánì mọ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé gbájúẹ̀ ni. Nígbà tí mo rí i pé òótọ́ ni, inú bí mi. Èmi tí mò ń ra omi inú ọ̀rá láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́n, tí kò sẹ́ni tó bi mí rí pé níbo ni mo ju ọ̀rá rẹ̀ sí, èmi náà ni wọ́n ní kí n wá sanwó ìdọ̀tí ará Jámánì. Mo sọ fún màmá. Ó bi mí bóyá bébà wa ni wọ́n fẹ́ rà. Mo ní rárá, àwa la máa san owó fún wọn nítorí pé a fi bébà di ọjà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fún ni lẹ́bùn nínú igbá, tí wọ́n á tún wá gba owó igbá fífọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fúnni.

Rírẹ́rìn-ín ò ní kí n má ṣe é. Mo jókòó, mo di ọṣẹ kan fúnra mi, bébà kan, páálí kékeré kan. Mo gbé bébà àti páálí náà lé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ọṣẹ. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọ̀rá, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí, mo sì kọ ọ́ sójú ṣọ́ọ̀bù wa náà. Mo sanwó, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́jà, wọ́n ní ó dára. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá, tí ṣọ́ọ̀bù náà ń hàn lórí fóònù rẹ̀ nítorí pé òun ló bá mi ṣí i, fi ọ̀rọ̀ ìyìn ránṣẹ́ sí mi.

Ìyìn náà ò pẹ́ kó tó kan. Obìnrin kan ní Jámánì kọ ọ̀rọ̀ sójú ṣọ́ọ̀bù wa níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Kò bú wa. Ó ní òun fẹ́ràn ọṣẹ náà, àmọ́ kí á wo ohun tí òun tú kúrò lára rẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀. Lórí tábìlì funfun kan, ọṣẹ wa wà ní igun kan, ó dà bí ẹni tí ojú ń tì. Gbogbo ibi tó kù lórí tábìlì, ọ̀rá ni. Ọ̀rá dúdú, ọ̀rá aláró, ọ̀rá omi tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti sá gbẹ. Mo dá ọ̀kan mọ̀ níbẹ̀, ọ̀rá búrẹ́dì ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà fún wa ní ìdojúkọ ilé wa. Obìnrin náà béèrè pé ẹni tó ta ọjà yìí kọ ọ́ síta pé òun kì í lo ọ̀rá, ta ló wá fẹ́ sanwó èyí?

Àwọn ọlọ́jà ò jẹ́ kó tutù. Wọ́n dá ṣọ́ọ̀bù wa dúró fún Jámánì, wọ́n ní kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kí n ṣàlàyé ara mi, kí n sì fi fọ́tò bí a ṣe ń di ẹrù ránṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á tì í pa. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè. Kò pariwo, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ó ní òun ti rí i. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé.

Ẹrù kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ gbé lọ sí Àkúrẹ́ fún àwọn tó ń kó ẹrù sókè òkun. Mo gbé e síwájú màmá, mo fi ọ̀bẹ la páálí rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eèje lọ. Ọṣẹ wà nínú bébà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rá kan tí wọ́n ta ní kókó. Mo tú u, mo bá ọ̀rá mìíràn. Mo tún tú ìyẹn, mo tún bá òmíràn. Nínú gbogbo rẹ̀, ọṣẹ kékeré kan tí kò ju ọmọ ìka lọ ló wà níbẹ̀.

Mo bi í pé kí lèyí. Ó ní ènì ni.

"Ta ló ní kí ẹ fi ènì sí i, Màámi?"

Ó wò mí bí ìgbà tí mo bi í pé ta ló ní kó máa kí èèyàn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń tajà, òun ò ta nǹkan kí òun má fi ènì lé e. Oníbàárà tó bá délé tí kò bá ènì, á rò pé wọ́n fi ìkà wọn ọjà fún òun, kò sì ní padà. Ó ní ṣé mo rò pé ẹnu mi tó ń dùn lórí fóònù ló ń jẹ́ kí wọ́n máa padà wá rà? Mo ní ọ̀rá ńkọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ kọ́ ni ọṣẹ àti omi. Òkun ló wà láàárín àwa àti wọn, ẹrù tó ń gba ojú omi kọjá, ta ló mọ ibi tí omi á ti kàn án? Ọ̀rá àkọ́kọ́ wà nítorí omi. Èkejì wà bóyá àkọ́kọ́ á ya. Ẹ̀kẹta wà kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ pé wọ́n fi ọ̀wọ̀ di nǹkan ránṣẹ́ sí òun. Ìgbà tí mo bá lọ sí Ìgbàrà-Odò ló ń ṣe é, kì í ṣe pé ó ń fi pa mọ́ fún mi. Kò kàn rí ohun tó yẹ kó sọ nínú rẹ̀.

Inú bí mi gidi. Mo wọ yàrá rẹ̀, mo fa àpò tó ń kó ọ̀rá sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, mo lọ da gbogbo rẹ̀ nù sí ẹ̀bá ọ̀nà. Mo padà sí kíṣìnì, mo ń fi abọ́ lura. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó máa ń wọ́ nílẹ̀ yẹn, ìró náà ò sì sí nínú ilé. Mo sáré jáde. Màmá ti fi ọ̀pá tẹ̀ dé ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àwọn ọ̀rá náà lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé atẹ́gùn ti ń gbé wọn lọ. Ọ̀kan ti wọ gọ́tà. Ó dúró létí gọ́tà náà, kò lè bẹ̀rẹ̀ dé ibẹ̀, ó kàn ń wò ó.

Èmi náà wo gọ́tà yẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá lára rẹ̀. Ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n dí i pa débi pé òjò kékeré á gbé omi wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni wọ́n. Ká ní ẹnì kan lè bi olúkúlùkù léèrè ọ̀rá tirẹ̀, gọ́tà yẹn ò ní rí báyìí. Mo ṣì ń bínú sí òfin Jámánì, àmọ́ mi ò rí ibi tó ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo di màmá mú, mo bá a ṣa ìyókù.

Nígbà tí a wọlé, mo là á mọ́lẹ̀ fún un. Mo ní bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa, Èkó ni. Ó ní òun mọ̀.

"Ka uwé wọn fún mi," ó ní. "Ṣé ènì ni wọ́n kọ̀, àbí ọ̀rá?"

Mo tún un kà. Ọ̀rá ni. Ó tún béèrè bóyá òótọ́ ni pé ẹrù wa ń gba ojú omi. Mo ní rárá, bàálù ló ń gbé e. Ó ní ṣé kò sí òjò lókè níbi tí bàálù ń gbà ni? Bí kò bá sí òjò lókè, ibo ló wá ti ń wá? Mo ní inú bàálù ò jò. Ó mi orí, kò gbà mí gbọ́ tán.

Ó ní kí n gbé ọṣẹ tó ṣì rọ̀ wá. Ó já díẹ̀ lára rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣù ú rogodo, ó gbé e lé orí ọṣẹ ńlá, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ọṣẹ náà wá dà bí ìyá tó pọn ọmọ. Ó fi bébà kan wé méjèèjì, ó fi sínú páálí.

"Ènì rèé," ó ní. "Kò sí ọ̀rá lára rẹ̀. Ẹni tó bá tú u á rí i pé a ò fi ìkà wọn án."

Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹni tó bá máa bá wọn tajà á wá bó ṣe máa ṣe tilé láìrú tòde. Mi ò rò pé màmá ni yóò wá a rí fún mi. Mo ya fọ́tò ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń tẹ ènì náà mọ́ ọṣẹ, mo ya fọ́tò bébà, mo ya ti páálí. Mo wá kọ òótọ́ sí àwọn ọlọ́jà. Mo ní mo sọ pé kò sí ọ̀rá, irọ́ sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀. Mo ní ìyá mi ló ń di ẹrù, ọwọ́ kan ló ní, ó sì ń fi ọ̀rá kún un láti bu ọlá fún ẹni tó rà á. Mo ní mo ti kọ̀wé sí àwọn tí mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo ti ṣàtúnṣe ohun tí mo sọ, màá sì san owó gbogbo ọ̀rá tó ti lọ. Nẹ́tíwọ̀kì ò ṣe dáadáa nílé wa, mo ní láti gun òkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kí ó tó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, dídúró ló kù. Èèyàn lè ní òun ò bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kó fi fóònù sórí tábìlì kó máa dúró de ìdáhùn. Ẹ̀wà jóná lórí iná níṣojú mi. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, mo ti dìde. Mo bẹ̀rù Èkó fún màmá bí ìgbà tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ó sì ń jẹun, ó ń sùn, ó ń kí àwọn tó ń ti oko bọ̀. Ní Fúráìdè, ó ní kí n bá òun ra iṣu ní ọjà, pé òun fẹ́ kí n gúnyán fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ. Nígbà tí mo dé, ó ti ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́rí, kò jẹ́ kí n wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi dé láàárọ̀ Sátidé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó di mọ́ màmá, ó jẹ iyán. Ó ní òun ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun fún un, bẹ́ẹ̀dì tí kò ga, kó má baà ṣòro fún un láti dìde, òun sì ti gbé e sínú yàrá tó kọjú sí títì kó lè máa rí àwọn èèyàn. Ó ti ro gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè bá a jà. Ó yíjú sí mi, ó bi mí bóyá ìdáhùn ti dé. Mo ní kò tíì dé. Ó mí kanlẹ̀, ó ní Màámi, ẹ jẹ́ ká múra.

"Mo ti di ẹrù mi sulẹ̀," màmá wí.

Ó na ọ̀pá sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, a sì rí àpò dúdú ńlá kan níbẹ̀, tó kún tẹ́nu. Mo wo màmá, kò wò mí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń sáré, àṣé ó ti gbà ní tirẹ̀. Mo fẹ́ sunkún, mo sì tún fẹ́ jà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpò náà, ó ń lọ sí ìdí mọ́tò. Màmá ní kó dúró, kó kọ́kọ́ tú u síbí, kí òun lè rí i pé nǹkan kan ò bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ó tú àpò náà. Ọ̀rá dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ kan àti eyín ta ní kókó, kókó náà sì le bí ekùrọ́. Ó fi èékánná tú u. Inú ìyẹn, ọ̀rá aláró. Inú ìyẹn, ọ̀rá búrẹ́dì. Ó ń tú u, ó ń gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rá tí a ṣà lẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn ló wà níbẹ̀, màmá ti fọ gbogbo wọn. Mo ti ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ìdí rẹ̀, ọṣẹ ló bá. Ọṣẹ ńlá ńlá, ó kan ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló sì pọn ènì. Kò sí ìró, kò sí bùbá, kò sí bàtà, kò sí Bíbélì.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìsàlẹ̀ àpò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bi í pé aṣọ rẹ̀ dà.

"Ọṣẹ àwọn ọmọ rẹ nù un," màmá dá a lóhùn. "Òfin Jámánì ò dé Èkó, mo ríbi lo ọ̀rá mi. Gbé e lọ ulé rẹ, ọkọ mi. Èmi ò sí nínú ẹrù náà."

Ọ̀rá kan ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ká a, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Nígbà tó dìde, ó kó ọṣẹ náà padà sínú àpò. Ó ṣa àwọn ọ̀rá náà nílẹ̀ títí wọ́n fi tán, ó kó wọn sẹ́yìn mọ́tò, kò ju ọ̀kan sílẹ̀ níwájú ilé wa. Ó kí màmá pé ó dàbọ̀, ó sì wa mọ́tò lọ láìsọ fún mi bóyá ó ń padà bọ̀ wá gbé e.

Ní Mọ́ńdè ni ìdáhùn dé. Wọ́n ní wọ́n ti rí àlàyé mi, wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù náà padà, kí n rí i pé ohun tí mo bá kọ sílẹ̀ ni mo fi ń di ẹrù. Màmá kàn béèrè bóyá wọ́n sọ nǹkan nípa ènì ni. Mo gun òkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti to gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, bí màá ṣe bẹ̀ ẹ́, bí màá ṣe ka ìwé náà sí i létí. Mo ní ìdáhùn ti dé, wọ́n ti ṣí i.

Ó ní ó dára, inú òun dùn. Ó ní àwọn ọmọ òun ti ń fi ọṣẹ náà wẹ̀, wọ́n ń jà lórí ènì. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni òun ti gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn fún àbíkẹ́yìn òun.